Pẹ́ẹ̀nì oníyíǹkì tí bàbá mi fi sílẹ̀: ṣé èèyàn lè fi títún wọn ṣe jẹun?

ỌmọKíláàkì_Birmingham

Ẹ ǹlẹ́ o gbogbo ilé. Mo ní ìbéèrè kan, ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á fún mi.

Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ ní Ìbàdàn mo rí agolo Bournvita kan lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó wúwo, mo rò pé owó ni (ẹ má dá mi lóhùn), mo ṣí i, pẹ́ẹ̀nì ló kún inú ẹ̀. Mọ́kànlá! Kíláàkì kọ́ọ̀tù ni bàbá mi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn kì í fi báírò kọ nǹkan gidi, báírò wà fún kí wọ́n fi kọ iye ata àti ẹ̀pà tí màmá mi máa rà lọ́jà, ó tán. Èmi ni mo kó agolo yẹn, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń du ilẹ̀, wọn ò tiẹ̀ wò ó.

Parker 51 kan wà níbẹ̀, dúdú, ìdérí ẹ̀ rí bíi fàdákà, orúkọ bàbá mi wà lára ẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀ ni. Conway Stewart kan wà tí ara ẹ̀ ń dán yọ̀yọ̀, àwọ̀ ewé pọ̀ mọ́ dúdú bíi òkúta mábù. Esterbrook kan. Platignum mẹ́ta, irú tí àwọn ọmọ súkúù ń lò. Àwọn yòókù ò ní orúkọ kankan lára. Kò sí ìkankan tó ń mu yíǹkì. Mo tẹ irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan báyìí, ó dún kẹ́ṣẹ́, nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dà jáde bíi pé mo fọ́ èédú.

Èyí tó wá mú mi kọ̀wé gan-an nìyí. Níbi iṣẹ́ mi, wíàháòsì ni, wọ́n ti gé ọjọ́ wa kù sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, ilé ń béèrè owó, ọmọ ń béèrè bàtà. Mo wá rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé pẹ́ẹ̀nì àtijọ́ ni wọ́n ń rà kiri, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á tà á. Ṣé iṣẹ́ gidi nìyẹn àbí àlá? Ta ló ń ṣe é nínú yín? Báwo ni ọjọ́ yín ṣe ń lọ láti àárọ̀ dalẹ́? Mo ti wo fídíò kan, ọkùnrin inú ẹ̀ ní kí n ṣáà da omi gbóná sí i, gbogbo ẹ̀ á ṣí. Lálẹ́ òní ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀.


Jagun_Leeds

Àbúrò, ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Ṣùgbọ́n pẹ́ẹ̀nì oníyíǹkì kẹ̀? Láyé tí àwọn èèyàn ń fi àtàǹpàkò kọ lẹ́tà ìfẹ́? Ya fọ́tò wọn, gbé gbogbo ẹ̀ sórí eBay, òyìnbó kan tí nǹkan sú á rà á, ìwọ fi owó ẹ̀ ra ìrẹsì àpò kan. Bàbá náà á dùn sí ìrẹsì yẹn.


Alágègé_Peckham

Má da omi gbóná sí nǹkan kan o! Mo ní kí n sọ ìyẹn ná kí n tó kí ẹ. Ó yá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè, ẹ̀yìn bàbá á dára.

Èmi ni mò ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ọdún kẹrìnlá rèé. Ìyàwó mi ń pè mí ní dókítà òkú. Jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń lọ, kí o fi ojú ara ẹ wò ó.

Ọjọ́ Ẹtì ni ọjà Bermondsey, ọjà ohun àtijọ́ kan ní London níbí. Aago márùn-ún kù díẹ̀ mo ti jí, ilẹ̀ ò tíì mọ́ rárá tó bá jẹ́ ìgbà òtútù, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo mú awò kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń há sójú, mo mú owó wẹ́wẹ́, torí ẹni tó bá fa àádọ́ta pọ́ùn yọ níwájú òǹtajà ti sọ iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn. Ọjà yẹn ní ìtàn o. Títí di 1995, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tí o bá rà nírú ọjà àtijọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín kí oòrùn yọ sí kí oòrùn wọ̀, tìẹ ni, kódà kó jẹ́ pé olè ló jí i, bí ìwọ ò bá ṣáà ti mọ̀. Wọ́n ti pa òfin yẹn rẹ́. Àmọ́ àwa ṣì ń fi tọ́ọ̀ṣì rìn níbẹ̀ ní tiwa.

Pẹ́ẹ̀nì kan ò ju ìṣẹ́jú kan lọ lọ́wọ́ mi kí olówó ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí wò mí. Níìbù, ẹnu pẹ́ẹ̀nì tó ń kọ̀wé, ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ṣé wúrà ni, tí wọ́n kọ 14ct sí, àbí irin tí wọ́n fi omi wúrà pa lójú? Lẹ́yìn náà ni orí ṣóńṣó ẹ̀. Irin líle kan wà níbẹ̀ tí ò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ìyẹn ló ń fara kan bébà, torí wúrà rọ̀, bébà á jẹ ẹ́ tán kíákíá. Bí irin kékeré yẹn bá ti lọ, mo gbé e sílẹ̀ nìyẹn. Mo wá fi tọ́ọ̀ṣì tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹnu ìdérí ẹ̀, torí ibẹ̀ ló máa ń sán sí, sísán ọ̀hún lè tín-ín-rín bí irun orí. Nínú ogún tí mo bá gbé, mo lè ra mẹ́ta. Kíkọ̀ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀, gbogbo èyí tó bá ti ń dán ni mò ń rà, mo ṣì ní báàgì kan tí wọ́n kún inú ẹ̀ di bí mo ṣe ń sọ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù àti èyí tó kẹ́yìn, Kempton Park ni mò ń lọ, pápá eré ẹṣin tí wọ́n ti ń ná ọjà ohun àtijọ́ ni, ìyẹn tóbi, ẹsẹ̀ á ro ẹ́ dọ́ba.

Tí mo bá délé, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ná. Tábìlì mi wà létí wíńdò nínú yàrá tí ọmọ mi àgbà ń gbé tẹ́lẹ̀. Irú èyí tí ìwọ tẹ̀ tó dún kẹ́ṣẹ́ yẹn, àpò rọ́bà ló wà nínú ẹ̀, irin ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń fún un, tí o bá wá tú irin náà sílẹ̀ àpò á fẹ̀, á fa yíǹkì wọlé. Rọ́bà ọ̀hún tó bá ti pẹ́ á gan, á wá máa fọ́ wẹ́wẹ́, ohun tó dà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ nìyẹn. Láti yọ ọ́, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa iwájú pẹ́ẹ̀nì kúrò lára ìdí ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo aráyé ti ń ṣẹ́ ẹ. Ooru ló ń fẹ́, ooru gbígbẹ, dráyà irun tí o gbé jìnnà díẹ̀, kó má gbóná ju ohun tí o lè fi kan ètè láìfigbe ta. Kó o wá yí i díẹ̀. Kò gbọ́? Tún yá a ní ooru. Kò gbọ́ síbẹ̀? Gbé e sílẹ̀, lọ jẹun. Mo ti ní ọ̀kan tó gba ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ mi kó tó ṣí. Má fi púláyà fà á o! Kó o sì jìnnà sí iná gááàsì, torí àwọn kan wà nínú wọn tí wọ́n fi sẹ́lúlọ́ìdì, oríṣi pílásítíìkì àtijọ́ kan, ṣe, ìyẹn máa ń gbiná lẹ́ẹ̀kan náà bíi pé o da bẹntiróòlù sí i.

Tó bá ti ṣí, mo máa ń fi irin tín-ín-rín ha rọ́bà àtijọ́ yẹn dà sórí bébà funfun, tó bá lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ ó lè gbà mí ní wákàtí kan, èmi àti rédíò. Mo wá wá àpò tuntun tó bá a mu. Nọ́ńbà ló ní, 16, 18, ìdá mẹ́rìnlélọ́gọ́ta íńṣì ni wọ́n fi ń ka ìbú ẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé 16 jẹ́ ìdámẹ́rin íńṣì. Ṣẹ́làákì ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́, oje tí kòkòrò kan máa ń pọ̀ sára igi ní Íńdíà, torí pé ẹni tó bá máa tún un ṣe lógójì ọdún sí i á lè fi ooru ṣí i. Ẹni tó bá fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́, Ọlọ́run ló máa bá a ṣẹjọ́. Mo wá pa páúdà sí i lára kí rọ́bà má lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀, tálíkì lásán o, kì í ṣe páúdà ọmọ tó ń ta sánsán.

Ó di ọjọ́ kejì kí n tó bu yíǹkì sí i. Oríkì ìyá mi ni mo fi máa ń dán gbogbo pẹ́ẹ̀nì wò, ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́, torí mo mọ bí ọwọ́ mi ṣe ń lọ níbẹ̀, bí níìbù bá ti kọsẹ̀ mo mọ̀ pé òun ni, kì í ṣe èmi.

Èyí tó ṣì ń dùn mí rèé, torí o dárúkọ Conway Stewart. Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ mo ra ọ̀kan, ara ẹ̀ bíi mábù bí o ṣe sọ yẹn gẹ́lẹ́, mo rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú kí yíǹkì gbígbẹ lè yọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wú, ó ti tẹ̀ kọrọdọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. N ò mọ̀ pé wàrà ni. Wàrà màlúù mà ni mò ń wí! Èyí tó máa ń dì nínú wàrà ni wọ́n mú, wọ́n rẹ ẹ́ sínú fọmalíìnì títí ó fi le, wọ́n wá gbẹ́ ẹ di pẹ́ẹ̀nì. Omi ni ọ̀tá ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo Conway Stewart ló rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ èyí tó bá ń dán yọ̀yọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn, ká má dán an wò.

Ní ti owó. Mo ra ọ̀kan ní £15, mo fi bíi £3 ra rọ́bà àti wótowòto, mo lo wákàtí méjì, mo tà á ní £60, àwọn tó ni ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì yọ tiwọn, ìfìwéránṣẹ́ gba tiẹ̀. Ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ. Ọdún méje àkọ́kọ́, bọ́ọ̀sì alẹ́ ni mò ń wà tí mo fi ń jẹun, pẹ́ẹ̀nì kàn ń jẹ owó bọ́ọ̀sì ni. Kó o sì mọ̀ pé tí gbogbo owó tó wọlé bá ti ju £1,000 lọ lọ́dún, kì í ṣe èrè o, gbogbo ohun tó wọlé, ìjọba fẹ́ gbọ́ nípa ẹ̀.


Tíṣà_Fẹ̀yìntì

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, bí ẹ bá rí àṣìṣe, tiẹ̀ ni.

Ẹ rán mi létí nǹkan. Nígbà tí mo wà ní súkúù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gègé onígi la ń lò, ẹ̀ẹ̀kan tí o bá tì í bọ inú yíǹkì, ọ̀rọ̀ bíi mẹ́ta lo máa rí kọ, o tún ti padà síbẹ̀. Yíǹkì wà nínú ihò lórí tábìlì, ẹni tó bá jókòó níwájú ẹ tó bá ń ṣe fújà, àárín ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lo máa nù ún sí. Ìgbà tí mo ra pẹ́ẹ̀nì tó ń gbé yíǹkì sínú ara ẹ̀, mo rò pé mo ti di lọ́yà. Quink ni yíǹkì ìgbà náà, aláwọ̀ búlúù tó ń ṣeé fọ̀ kúrò lára aṣọ àti èyí tó dúdú díẹ̀ tí kì í lọ mọ́ láéláé, ìyàwó mi mọ ìyàtọ̀ méjèèjì dáadáa.

Nígbà tí báírò dé, tíṣà wa ò gbà á wọlé rárá, ó ní ó ń ba ọwọ́ ìkọ̀wé jẹ́, bó bá bá a lọ́wọ́ ẹ, pàṣán. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni báírò tí a ń pè lójoojúmọ́ yìí o. Bíró lorúkọ ọkùnrin ọ̀hún, ọmọ ilẹ̀ Hungary ni, Ajẹntínà ló sá lọ nígbà ogun Hitler. Àwa ti sọ ọ́ di Yorùbá.

Kíláàkì tó bá há Parker sápò àyà, tí kílíìpù ọlọ́fà yẹn ń kọ mọ̀nà, ojú gbogbo èèyàn á mọ̀ pé akọ̀wé kọwúrà ló ń bọ̀, ẹni tó ń gba owó oṣù. Mo mọ ọkùnrin kan ní àdúgbò wa tó jẹ́ pé ìdérí nìkan ló há sápò, kò sí pẹ́ẹ̀nì lábẹ́ ẹ̀. Ọdún púpọ̀ ló fi há a kí àṣírí tó tú níbi ìsọmọlórúkọ kan tí wọ́n ti ní kó bá àwọn kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀.

Ọmọ mi, má ta pẹ́ẹ̀nì bàbá ẹ. Ohun tó bá a dé kọ́ọ̀tù lójoojúmọ́ ayé ẹ̀, tí o fẹ́ fi ra ìrẹsì. Jagun, ọ̀rọ̀ ẹ ò dùn mọ́ mi nínú.


Ìyá_Ìbejì_Manchester

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n bi ẹ̀gbọ́n Alágègé léèrè nǹkan kan, kì í ṣe ìjà o. Mo fún ẹnì kan ní pẹ́ẹ̀nì mi lọ́dún méjì sẹ́yìn pé kó bá mi pààrọ̀ rọ́bà inú ẹ̀, £45 ló gbà. £45! Mo wá rí rọ́bà yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò tó £3. Kí ni ìyókù? Ó tún dá a padà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, mo sì gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ Lagos, ó sú yíǹkì sí gbogbo inú báàgì mi, léèsì tuntun mi nù ún bẹ́ẹ̀ ni.


Jagun_Leeds

Tíṣà wa, ẹ má bínú. Mo ti ní kó ra ẹ̀wà.


Alágègé_Peckham

Tíṣà, èèyàn bíi tiyín ló yẹ kó máa wá jókòó ti tábìlì mi.

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o, pàápàá ti léèsì. Ẹni yẹn, n ò mọ̀ ọ́n, n ò lè gbèjà oṣù mẹ́rin, àmọ́ owó yẹn, màá gbà á sọ. Rọ́bà £3 lẹ rí. Ẹ ò rí wákàtí tó fi ha ti àtijọ́ jáde, ẹ ò rí èyí tó ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú tiyín tó fi owó àpò ara ẹ̀ san, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, pẹ́ẹ̀nì olówó iyebíye obìnrin kan fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo wá irú ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, mo rà á, mo fún un, n ò rí kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. Èmi ń gba £35 ní tèmi, mo sì máa ń sọ fún kọ́sítọ́mà tí pẹ́ẹ̀nì ẹ̀ ò tó £35 pé kó gbé e lọ sílé.

Ti ọkọ̀ òfuurufú, kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó tún un ṣe. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú àpò rọ́bà pẹ̀lú yíǹkì, bí ọkọ̀ bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á fẹ̀, á ti yíǹkì jáde. Ẹ bu yíǹkì kún un pátápátá kí àyè afẹ́fẹ́ má sí, àbí kẹ́ ẹ dà á nù tán, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí níìbù dojú kọ òkè títí ọkọ̀ á fi gun òkè tán.


ỌmọKíláàkì_Birmingham

Ẹ̀gbọ́n Alágègé, mo gbé.

Mo ti rẹ gbogbo wọn sínú bọ́ọ̀lù kan kí n tó ka ohun tí ẹ kọ, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni o, kì í ṣe gbígbóná, mo ní kí n ṣàánú wọn díẹ̀. Conway Stewart wà níbẹ̀ láti alẹ́ àná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré yọ ọ́. Ó ti wú lóòótọ́, ìdérí ẹ̀ ò wọlé mọ́, ara ẹ̀ ti ń rọ̀ bíi ọṣẹ tí wọ́n gbàgbé sí ilé ìwẹ̀. Ìyàwó mi ní òun tiẹ̀ gbọ́ òórùn kan, èmi ò gbọ́ o.

Parker yẹn ńkọ́? Mo yọ ìdí ẹ̀, páìpù irin kan ló wà nínú ẹ̀, ọ̀pá kan wà lára ẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀, wọ́n kọ̀wé sí i pé kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Made in England ló wà lára ẹ̀. Mélòó ni ẹ lè rà á? Mi ò tíì sọ pé mo fẹ́ tà á o, kí Tíṣà má bínú sí mi.


Alágègé_Peckham

Ha. Ó dára. Nù ún pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, tẹ́ ẹ sórí táwẹ̀lì níbi tí oòrùn ò dé, má fi dráyà sí i, má gbìyànjú láti tọ́ ọ, má fi ìdérí dé e. Fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó lè sún kì díẹ̀. Kò ní padà sí bó ṣe wà, mi ò ní parọ́ fún ẹ, tèmi náà ṣì wà nínú dúróà níbí. Nǹkan rere kan ni pé o ò tún ní ṣe é mọ́.

Parker yẹn, inú mi dùn sí i. Irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1948 nìyẹn, Newhaven ní Sussex ni wọ́n ti ṣe tìẹ, àpò inú ẹ̀ kì í ṣe rọ́bà, oríṣi pílásítíìkì kan ni, ìyẹn kì í sábà kú. Yíǹkì gbígbẹ ló dí i lọ́nà ọ̀fun. Ara ẹ̀ náà, irú pílásítíìkì tí wọ́n fi ṣe gíláàsì ọkọ̀ òfuurufú nígbà ogun ni, omi tútù ò ní pa á lára. Òun ni kó o rẹ, níìbù nísàlẹ̀, omi tútù nínú gíláàsì, kó má mu ju apá iwájú lọ. Láàárọ̀ àti lálẹ́, tẹ ọ̀pá yẹn bíi ìgbà mẹ́wàá, da omi nù, bu òmíràn. Ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó bá ń yára ló ń ra èyí tó ti fọ́ lọ́wọ́ mi.

Iye tí mo lè rà á: £40. Ká ní kò sí orúkọ lára ẹ̀, màá fún ẹ ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni wọ́n ṣe 51, kò ṣọ̀wọ́n, kọ́sítọ́mà mi kò sì fẹ́ orúkọ ẹlòmíì nínú àpò ẹ̀. Orúkọ yẹn tó ń gé owó ẹ̀ kù lọ́wọ́ èmi, ṣebí ìwọ gan-an ló ń jẹ́ ẹ. Nítorí náà mi ò rà á.

Nǹkan kan tún kù. Bó bá ti ń kọ, tó bá ń ha bébà lọ́wọ́ ẹ, má gbé e fún ẹnikẹ́ni pé kó bá ẹ pọ́n níìbù ẹ̀, kó o sì má fi sáńpépà kan án. Fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀ sí òsì àbí ọ̀tún bí o ṣe ń kọ, ibì kan á wà níbẹ̀ tí á kàn yọ̀ lọ pẹ̀lẹ́. Bí bàbá ẹ ṣe ń dì í mú ló gé e síbẹ̀.

Ti iṣẹ́: máa fi ọjọ́ tó ṣẹ́ kù nínú ọ̀sẹ̀ ẹ kọ́ ọ, má fi wíàháòsì sílẹ̀. Má ra nǹkan kan ní oṣù mẹ́fà, àwọn tó wà nínú agolo yẹn tó ẹ kọ́ iṣẹ́. Birmingham ni o tún wà, kí ló ń ṣe ẹ́, Pen Museum wà ní Jewellery Quarter níbẹ̀, lọ wò ó. Ìlú yẹn ni wọ́n ti ń ṣe níìbù irin fún gbogbo ayé láyé Fíkítóríà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni gègé Tíṣà ti wá bá a ní súkúù.


ỌmọKíláàkì_Birmingham

Ó di ọjọ́ kẹsàn-án lónìí, mo ní kí n wá jábọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ omi yẹn ń jáde dúdú bíi pé mo ń fọ àdìrẹ. Ọjọ́ karùn-ún ó di búlúù, ọjọ́ keje ó mọ́. Yíǹkì tí bàbá mi bù sí i kẹ́yìn nìyẹn, mo kàn ń dà á sí síǹkì, mo dá ọwọ́ dúró díẹ̀ ní ìgbà kẹta.

Ó ń kọ. Ó kọ́kọ́ ń ha mí, mo wá yí i sí ọwọ́ òsì bí ẹ ṣe wí, ó yí ju bí mo ṣe rò lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ibẹ̀ ló ti yọ̀. Mo wá rántí pé bàbá mi máa ń yí bébà dábùú tí wọ́n bá ń kọ̀wé, a máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nílé pé kíláàkì tó ń kọ̀wé bí ẹni ń gé ẹ̀fọ́.

Conway Stewart ti tẹ̀, ó wà nínú agolo. Esterbrook, ìyàwó mi ti gbà á, ó ń fi kọ iye ata àti ẹ̀pà. Mo ṣí Platignum kan fúnra mi, wákàtí méjì pẹ̀lú dráyà, kò ṣẹ́! Mo ti ha rọ́bà inú ẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà wo ni kí n rà fún un?


Alágègé_Peckham

Wọn ẹnu ibi tí rọ́bà ti ń wọ̀ ọ́ ná. Má fojú díwọ̀n o, wá rúlà.